Kúlà Márùn-ún Lọ́jọ́ Jímọ̀: Àṣìṣe Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Wọ Àgbájọ fún Àwọn Aláìnílé

Ní Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, mo dúró lẹ́bàá ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin, mo ń ka kúlà. Márùn-ún ni. Ẹgbẹ́ márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé ìrẹsì wá fún àwọn alábàárù àti àwọn arúgbó tó ń sùn síwájú ṣọ́ọ̀bù, kálukú sì na bánà tirẹ̀ sókè. Kúlà aláwọ̀ búlúù tó wà láàárín, tiwa ni. Mo rí ọmọkùnrin kan tó gba àwo mẹ́ta. Ó jẹ ìdajì ọ̀kan, ó da ìyókù sínú ọ̀rá, ó so ó lẹ́nu. Ìrẹsì yẹn á ti kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí kúlà kankan, gààrí àti omi ló wà níwájú ọmọ náà.

Ohun tó mú kí àwa ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn aláìnílé lọ́wọ́ para pọ̀ di àgbájọ kan nìyẹn, àwọn tó wà ní Ìlọrin àti àwa tá a wá láti Ọ̀fà. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ tuntun ti ń wọlé, àṣìṣe kan náà ni wọ́n sì ń gbé bọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe.

Ẹ má wá pín owó. Níbi ìpàdé àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí kì í pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọn ò tíì pa á tán tí ẹnì kan á fi nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, èló ló kan ẹgbẹ́ tiwa?" Kò sí owó tí òyìnbó kankan kó pamọ́ fún wa. Iṣẹ́ là ń pín: ta ló ní ọkọ̀, ta ló mọ nọ́ọ̀sì, ta ló lè bá lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Ẹ sì má dúró di ìgbà tí ìwé CAC yín, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba, bá jáde. Àwọn ìyá ọlọ́jà méje tí wọn ò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan wà láàárín wa, àwọn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí owó bá wọlé, ẹgbẹ́ tó ti forúkọ sílẹ̀ ni kó gbà á sí àkáǹtì, kí ó sì máa ka ìnáwó fún gbogbo wa létí.

Ẹ fi bánà sílé, ẹ sì fi fóònù sápò. A ya ìyá kan níbi tó ti ń jẹun, a fi fọ́tò náà sí WhatsApp láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó dáwó. Ọmọ rẹ̀ rí i. Ìyá yẹn kó kúrò níbi tó ń sùn lóru ọjọ́ náà, a ò sì rí i mọ́ títí dòní. Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, àmọ́ mi ò rò pé òfin ló yẹ kó kọ́ wa ní ti ìyẹn.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ agboolé. Láàárín wa, a kì í gbà pé ènìyàn lè máà nílé. "Ọmọ ìlú wo ni? Agboolé wo?" Bó bá ti dárúkọ ìlú, ó parí, ẹ wá owó ọkọ̀ fún un kó máa lọ. Bàbá kan wà tó ń sùn sábẹ́ tábìlì oníbúrẹ́dì ní Gáréèjì Ọ̀fà nínú Ìlọrin. Ó ní ìlú òun ò jìnnà sí Omù-Àrán. A dáwó, a ra ṣòkòtò tuntun fún un, a bá a wọ bọ́ọ̀sì délé. Wọ́n fi àdúrà gbà wá. Ìyá àgbà kan sunkún. A fún wọn ní àpò ìrẹsì, a padà sílé pẹ̀lú ayọ̀, inú mi sì dùn débi pé mi ò sùn dáadáa.

Kò pé oṣù kan tí mo rí ṣòkòtò yẹn ní Gáréèjì Ọ̀fà, ó ti dọ̀tí, bàbá ló wà nínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní kí ló dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àgbàdo ti gba yàrá mi."

Àbúrò rẹ̀ ti fi yàrá náà ṣe àká láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjà ilẹ̀ ló gbé bàbá kúrò nílé tẹ́lẹ̀, a ò sì bi wọ́n léèrè. Mọ́tò la béèrè, a ò béèrè ìjà. Ní báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó padà sílé, ẹni méjì láti ọ̀dọ̀ wa á kọ́kọ́ lọ láìmú un dání. Wọn á jókòó ti olórí agboolé, wọn á gbọ́ ohun tó bà jẹ́, wọn á sì fojú ara wọn rí yàrá àti ibi tí ẹní á wà. Bí wọ́n bá ní "yàrá wà, ó kàn tì pa ni," ẹ ní kí wọ́n ṣí i.

Ti àwọn tó sá kúrò ní àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn ní Gúúsù Kwara lọ́dún 2025 nígbà tí àwọn ajínigbé ń yọ wọ́n lẹ́nu tún yàtọ̀. Ẹ má sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó padà sílé láìṣe pé ẹ ti bi àwọn ará ibẹ̀ bóyá wọ́n ń sùn lóru. Ilé yẹn gan-an ló ń sá fún.

Ẹ má dá ka ènìyàn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta kà ní Gáréèjì Ọ̀fà lọ́sẹ̀ kan náà, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbé wá. Ìyá arúgbó kan ní, "Ẹ ti kà mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣé ẹ fẹ́ tà mí ni?" Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbájọ irú tiwa máa ń ka àwọn tó ń sùn níta ní òru kan ṣoṣo, láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn oṣù Kìíní, kí wọ́n má baà ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Òru kan, ìwé kan, gbogbo ẹgbẹ́ lápapọ̀. A lè ṣe bẹ́ẹ̀, láìsí owó Amẹ́ríkà.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí onítọ̀hún kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ògógóró kí a tó wá ibùgbé fún un. Ibi tí ènìyàn á ti gbàgbé ọtí lórí kọnkéré, mi ò mọ̀ ọ́n. Ní Finland, láti 2008 ni wọ́n ti gbé e kalẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ ilé ló ṣáájú, ìtọ́jú á tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ nípa halẹ̀ mọ́ ìjọba. Abala 16 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ gbìyànjú kí gbogbo ọmọ ìlú ní ibùgbé tó yẹ, àmọ́ abala 6 nínú òfin kan náà ló ní kóòtù ò lè tìtorí ẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ará ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ sì mú orúkọ àti ìtàn ẹnì kan ṣoṣo dání, kì í ṣe igba.

Títí tí a fi ní kí alábàárù kan wá jókòó síbi ìpàdé, oúnjẹ la rò pé ó ń dùn wọ́n. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di àpò rẹ̀ mọ́ra, kò gbé e sílẹ̀. Nígbà tá a ní kó sọ̀rọ̀, ó ní: "Ibi tí mo máa kó aṣọ sí ni mò ń wá. Tí mo bá gbẹ́rù oníbàárà, ẹrù tèmi náà wà lẹ́yìn mi, tí mo bá gbé e sílẹ̀, wọ́n á jí i." Oníṣòwò kan fún wa ní àpótí onígi tó ní àgádágodo. Owó díẹ̀ ni, kò sì sí ẹgbẹ́ kankan tó rò ó tẹ́lẹ̀.

Ohun tí a ń wá báyìí: ẹni tó ní ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àti lánlọ́ọ̀dù kan, ní Gáńmọ́ tàbí Ọ̀fà, tó lè gba owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta dípò ọdún kan tán, tí a ó sì fi orúkọ ẹgbẹ́ dúró fún un. Ẹni tó bá mú kúlà wá ní Jímọ̀, kó jọ̀ọ́ gbé e padà.