Áàpù ń kú kó tó ṣí: "lateinit property ctx has not been initialized"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ áàpù Android kan tó máa jẹ́ kí àwọn tó ń ta kajú l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí mọ iye tí wọ́n ń rà á lójúmọ́. Kotlin ni mo fi ń kọ ọ́. Inú onCreate (ibi tí Android máa ń pè nígbà tí nǹkan bá ń bẹ̀rẹ̀) kíláàsì App mi ni mo ti ń gbé context (ohun tí kóòdù fi ń bá Android sọ̀rọ̀) sínú ctx, lateinit ni, ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ni màá tó gbé nǹkan síbẹ̀, kí gbogbo kóòdù lè rí i lò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń kú, éérọ̀ òkè yẹn ló ń gbé wá.

Ìdáhùn: Kú iṣẹ́, àbúrò. Kọ́kọ́ ṣí AndroidManifest.xml, fáìlì tó ń sọ ohun tó wà nínú áàpù fún Android, wò ó bóyá android:name=".App" wà nínú application. Tí ò bá sí, Android ò mọ̀ pé kíláàsì rẹ wà rárá, Application ti ara ẹ̀ ló máa lò, onCreate tìẹ ò ní ṣiṣẹ́ láéláé.

Ìbéèrè: Ó wà níbẹ̀ sà. Logcat, ibi tí Android ń kọ éérọ̀ sí, tún sọ pé "Unable to get provider". Mo ní ContentProvider kan (apá áàpù tó ń gbé dátà fún kóòdù mìíràn) tó ń ka dátábéèsì.

Ìdáhùn: Ìyẹn gan-an ló ń pa á. attachBaseContext, ibi tí wọ́n ti ń so context mọ́ App rẹ, ni Android ń kọ́kọ́ pè, ó máa wá pe onCreate gbogbo provider tó wà nínú áàpù, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó kan onCreate ti App rẹ, kó tó wá kan activity, ìyẹn ojú áàpù tí èèyàn ń rí. Provider rẹ ti nawọ́ sí ctx nígbà tí o ò tíì gbé nǹkan kan síbẹ̀. Provider sì ní context tiẹ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, òun ni kó o lò, kọ context!! síbẹ̀, o ò nílò ctx níbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Tí mo bá gbé e lọ sínú attachBaseContext ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó máa ṣiṣẹ́, tó o bá ti pe super (attachBaseContext ti kíláàsì òbí) tán kó o tó kọ ctx = this. Má kọ applicationContext níbẹ̀ o, null ló ṣì jẹ́ lásìkò yẹn, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní kí n kàn sọ ctx di Context? (tó lè jẹ́ null), kí n máa fi ?. (tó ń fò ó kọjá tó bá jẹ́ null) pè é káàkiri.

Ìdáhùn: Jọ̀ọ́, má ṣe é. Áàpù ò ní kú mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kóòdù tó yẹ kó gbé iye owó jáde máa kàn fò kọjá ni, ẹni tó fẹ́ ta kajú á ṣí i, kò ní rí nǹkan kan, logcat náà ò ní sọ̀rọ̀. Ó sàn kó kú lójú ẹ. Má sì tún fi activity sínú ctx, tí wọ́n bá ti yí fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́, activity tó ti parí lo ṣì dì mú, ó kàn ń jẹ mẹ́mórì ni.