Bí mo ṣe kó ìwé jọ láti fi kọ́ òfin ogun

Àwọn ọ̀dọ́ Red Cross àdúgbò wa n'Íbàdàn ló ní kí n wá la àwọn lọ́yẹ̀ lórí òfin ogun. Tíṣà ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ìwé ni mo kọ́kọ́ wá lọ.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ ICRC, ìyẹn ìgbìmọ̀ Red Cross àgbáyé, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn Geneva mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ọdún 1949, táwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ogun, wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àfikún méjì ti 1977 àti ẹ̀kẹta ti 2005. Bí ẹ bá ní kẹ́ ẹ kà á látòkèdélẹ̀, oorun á gbé yín lọ. Abala kẹta ni kẹ́ ẹ ṣí: ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ogun abẹ́lé ló sì dá lé. Ẹni tí kò bá wọn jà, ẹni tó ti jù ìbọn sílẹ̀, ẹni tó gbọgbẹ́: ẹ má pa á, ẹ má dá a lóró, ẹ má fi ṣe ìdógò.

Àlàyé tí ICRC ṣe wà lórí abala kọ̀ọ̀kan. Ti àtijọ́ ni Jean Pictet, amòfin ICRC, darí. Lórí àdéhùn kìíní, tuntun jáde ní 2016. Tuntun ni mo mú, torí ẹjọ́ púpọ̀ ti wáyé láàárín méjèèjì. Ọmọ tó ń bá mi tẹ̀wé l'Ágbowó wo bó ṣe gùn tó, ó ní, "Mọ́mì, ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ ká tẹ̀ ni?" Mo ní kó tẹ ti abala kẹta nìkan.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni àkójọ òfin àṣà, ìyẹn èyí táwọn orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé bí òfin láìjẹ́ pé àdéhùn ló gbé e kalẹ̀, tí ICRC gbé jáde ní 2005. Ìlànà 161 ló wà níbẹ̀, wọ́n sì kó ìṣe orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tì í. Ẹ wá Nàìjíríà. Ẹ ó rí òfin tí Gowon fún àwọn sójà ní 1967: wọn ò gbọdọ̀ fìyà jẹ aláboyún tàbí pa á, wọn ò gbọdọ̀ ba ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí jẹ́, wọn ò gbọdọ̀ kó ẹrù ẹlẹ́rù. Bóyá wọ́n tẹ̀ lé e, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹjọ́ Pius Nwaoga, tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ dá ní 1972, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sójà Biafra ni. Ọ̀gá rẹ̀ rán an, ó wọ aṣọ ilé lọ pa èèyàn níbi tọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ti tẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní ìpànìyàn ni.

Lórí èyí làwọn ọ̀dọ́ náà bá mi fà á jù. Ọ̀kan ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣebí wọ́n rán an ni." Mo ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kò gbà.

Ó ku òfin tiwa. Abala 12 ìwé òfin 1999 sọ pé àdéhùn kì í di òfin nílẹ̀ yìí àyàfi táwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Ti Geneva wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, ní lẹ́tà G. Ilé ìkàwé òfin ni kẹ́ ẹ ti wá a.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ti ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ogun ló kàn. Àdéhùn kẹta ni mo wá ń kà báyìí, pẹ̀lú àlàyé rẹ̀ ti 2020.