Epo Àkàrà Tó Da Ọjọ́ Ayípo Mi Rú: Ìrírí Mi

Náírà 90,000 ni mo kọ sínú ìwé pé fíìmù kékeré oníṣẹ́jú 12 kan, nípa alákàrà tí òwúrọ̀ kan náà ń padà bá lẹ́ẹ̀meje, yóò ná mi. Nígbà tí mo parí rẹ̀, náírà 247,000 ló ti kúrò lọ́wọ́ mi, owó ẹ̀wà àti epo àkàrà nìkan sì kó ju 30,000 lọ nínú rẹ̀. Mo tètè ń sọ èyí nítorí pé gbogbo ẹni tó bá wo iṣẹ́ náà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló máa ń bi mí pé, ibi kan ṣoṣo lẹ ti yà á, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìtàn náà dá lé, kí ló wá gbówó lórí nínú rẹ̀? Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn gan-an ló jẹ owó mi.

Ohun tó tàn mí jẹ ni pé mo ti kà á pé nǹkan bíi dọ́là 7,000 ni wọ́n fi ṣe Primer, fíìmù Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2004, nípa àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n kan àpótí kan tó ń gbé ènìyàn padà sẹ́yìn nínú àkókò. Mo wò ó pé èmi tí n kò nílò ju ìsọ̀ alákàrà kan, òṣèré mẹ́ta àti kámẹ́rà àyálò lọ, owó á ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. N kò rò ó pé nínú ti àwọn yẹn, ènìyàn ló ń padà sẹ́yìn lọ bá ara rẹ̀. Ọjọ́ fúnra rẹ̀ kò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tèmi rí bíi ti Groundhog Day ti 1993, níbi tí ọkùnrin kan ti ń jí ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù Kejì, tí ohun gbogbo tún padà sí ààyè rẹ̀, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó rántí àfi òun. Irú kẹta tún wà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà: ní 12 Monkeys ti 1995, ọmọdé kan rí bí wọ́n ṣe pa ọkùnrin kan ní pápákọ̀ òfuurufú, ọkùnrin náà sì ni ọmọdé yẹn gan-an nígbà tó dàgbà. Ká ní mo mọ̀ ni, irú kẹta yìí ni ǹ bá mú, torí pé ẹ lè ya ìṣẹ̀lẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ojú ẹni méjì wò ó.

Bí mo ṣe kọ ìtàn náà, bí mo ṣe rí òṣèré àti bí mo ṣe yá kámẹ́rà, n kò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Ẹni tó bá ti ya fíìmù ìgbéyàwó rí ti mọ̀ ọ́n. Ìtàn náà kò ju pé alákàrà kan ní Sábó ń jí sí òwúrọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀meje, ó sì ń gbìyànjú láti dá àbúrò rẹ̀ dúró kí ó má wọ ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìlọrin. Òfin mi ni pé ara rẹ̀ yóò máa padà sí bó ṣe wà, ìrántí nìkan ni yóò máa bá a lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ń yọ mí lẹ́nu pé kí n ṣàlàyé ohun tó ń dá ọjọ́ náà padà. Mo ní kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀. Groundhog Day náà kò ṣàlàyé rẹ̀, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gbádùn rẹ̀.

Òwúrọ̀ kìíní, ìkejì àti ìkeje la kọ́kọ́ yà, nítorí pé ẹni tó ṣe àbúrò fẹ́ rìnrìn àjò. Ní ọjọ́ kẹta iṣẹ́, bí òṣèré mi ti ń da àkàrà sínú agbada, epo gbígbóná ta sí i lọ́rùn ọwọ́, nígbà tó sì fi di ọjọ́ kejì, ó ti lé ròrò. Mo bá a kẹ́dùn, mo ra oògùn fún un, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, fíìmù mi ló wà lọ́kàn mi. Òwúrọ̀ mẹ́rin ló kù tí a ó yà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ tónítóní ní òwúrọ̀ keje tí a ti yà parí. A fi àtíkè bò ó, ooru iná yọ́ ọ dànù. Mo ní kí ó wọ bùbá alápá gígùn, ẹni tó ń ya fíìmù sì rán mi létí pé aṣọ alápá péńpé ló wọ̀ ní òwúrọ̀ kìíní, òwúrọ̀ kìíní kan náà ló sì ń padà. Àfi ká dúró kí ó san. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró, nínú òjò oṣù Kẹsàn-án, èmi sì ń san owó kámẹ́rà nítorí pé bí mo bá dá a padà, ẹlòmíràn á gbà á. Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni onílé kun ògiri ẹ̀yìn ìsọ̀ náà. Àwọ̀ ewé! Ògiri tó ti wà ní pupa rẹ́súrẹ́sú láti ọdún pípẹ́, onílé kò rí ìgbà mìíràn kùn ún àfi ìgbà yẹn.

Ìyá ìyá òṣèré náà ló yọ mí. Mo lọ kí wọn nílé, mo sì ń ro ẹjọ́ mi fún wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ báyìí, ṣé kò sí ẹni tó fi àmì sí i lára ni?" Ara mi bù máṣọ. Láyé àtijọ́, àwọn àgbà wa máa ń fi àmì sára òkú àbíkú, wọ́n á gé e létí tàbí kí wọ́n fi iná jó o, wọ́n sì gbà pé bó bá tún wá sáyé, àmì náà á bá a wá. A ti ní òfin yìí nílé kí ẹnikẹ́ni tó gbé kámẹ́rà. Happy Death Day ti 2017 náà lo ohun tó jọ ọ́: ọjọ́ ń padà, ṣùgbọ́n ìpalára ikú kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kù sára ọmọbìnrin náà, ìdí nìyẹn tí kò fi lè máa kú títí láé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wo fíìmù yẹn, n kò sì ronú kàn án!

Mo tún ìtàn kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ kẹta epo ta sí alákàrà. Ní òwúrọ̀ kẹrin ó jí, ó rí àpá lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò lálàá. Nígbà tí a fi máa tún òwúrọ̀ keje yà, àpá náà ti ń parẹ́ lọ, èyí sì ṣe ohun tí ọgbọ́n èmi fúnra mi kò lè ṣe: ọjọ́ kò kúrò lójú kan, síbẹ̀ ara obìnrin náà ń sọ iye àkókò tó ti kọjá lórí rẹ̀. Mo máa ń yangàn pẹ̀lú ibẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n náírà 18,000 ni mo san fún kunlékunlé kí ó tó dá ògiri padà sí pupa, lẹ́yìn tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ onílé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò máa ré kọjá láti òwúrọ̀ kan sí èkejì, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ sí òṣèré kankan lẹ́nu. Aago tó lu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́, iná tí a dá, àkàrà àkọ́kọ́ tó wọ inú epo: ẹ yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ lò wọ́n lẹ́ẹ̀meje, torí pé bí òǹwòran bá ti rí àwòrán kan náà ló mọ̀ pé ọjọ́ ti padà. Èmi ya aago lẹ́ẹ̀meje bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe.

Nígbà tí a fi iṣẹ́ náà hàn ní pálọ̀ ẹnìkan, àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó rí ohunkóhun tó yàtọ̀. Ìyá àgbà nìkan ló na ìka sí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí òwúrọ̀ kẹrin bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní, "Ògiri yìí kọ́ ló wà níbẹ̀ lánàá."