Ká tó palẹ̀ ọgbà Màmá mọ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn wa l'Ábẹ́òkúta, ẹ má hú nǹkan kan nínú ọgbà Màmá o, ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ gé lọ gbìn sílé. Ṣé ẹ rí ewúro, pèrègún, akòko àti hibiscus tí Màmá máa ń dì fún gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn yẹn, gbogbo ẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò látara ẹ̀ka, èyí tó bá sì hù, igi Màmá gangan ni, torí tó bá jẹ́ hóró, àwọ̀ òdòdó hibiscus lè yí padà. Ẹ gé ẹ̀ka tó ti gbó díẹ̀, bíi 20 sẹ̀ǹtímítà, lábẹ́ oríkèé gẹ́lẹ́, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ wá kì í bọ inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tẹ́ ẹ ti lu nídìí, iyẹ̀pẹ̀ àti yanrìn ni kẹ́ ẹ rọ sí i, ẹ má dorí ẹ̀ kodò o! Abẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí títí táá fi yọ ewé tuntun. Àsìkò òjò ló dáa jù. Ọ̀pẹ àti àgbọn ò gbà báyìí, hóró ni tiwọn, ẹ ṣa èyí tó bá já bọ́ nídìí ẹ̀.