Bí Mo Ṣe Fi Alùpùpù Kó Kòkó Jáde Lóko Lóṣù Ọ̀wàrà

Àpò kòkó mẹ́rin ló wà nílẹ̀ ní kám̀pù wa lápá Ìdànrè lóṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá. Wọ́n ti sá a, ó ti gbẹ, ó ti tó tà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Hilux tó máa ń wá kó o kò lè dé ibẹ̀ mọ́ torí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Bàbá wa ló gbin oko náà kí wọ́n tó jáde láyé. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ ń bójú tó o báyìí. Òkè Àró ní Àkúrẹ́ ni mo ti ń ránṣọ, mo sì ti ń gun alùpùpù láti ìgbà tí mo wà ní girama. Bàbá wa ló kọ́ mi. A fẹnu kò pé a ó fi alùpùpù méjì kó kòkó náà dé etí títì, àpò kan lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, ká lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àpò kan ń lọ sí bíi kílò 64, kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé sáré.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, torí mo ń rí àwọn ọmọdé tó ń ra alùpùpù tuntun, tí wọ́n ń já wọ oko olóko gìrìgìrì. Lójú tiwọn, ibi tí táyà bá ti lè yí, ọ̀nà ni. Ó ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi béèrè ọ̀nà kí n tó tan iná alùpùpù rárá. Mo kọ́kọ́ wo Google Maps lórí fóònù mi. Ìlà kan péré ló fà dé ìtòsí kám̀pù wa, ọ̀nà tí àwọn agégẹdú là nígbà kan rí ni, igbó sì ti bò ó tipẹ́. Fóònù kò mọ̀ pé igi wó dí ọ̀nà lánàá, kò mọ̀ pé odò kún. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló mọ̀.

Bàbá Baálẹ̀ kám̀pù wa ni mo kọ́kọ́ pè. Wọ́n béèrè gbogbo ará ilé lọ́wọ́ mi tán, wọ́n tó ní, "Ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?" Mo ní Sátidé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Orò ń jáde lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ mi. Obìnrin kì í gba ọ̀nà wa lọ́jọ́ náà. Ẹ fi sí Mọ́ńdè." Mo ní ó dáa, bàbá, ẹ ṣeun. Àbúrò mi ní òun lè dá lọ lọ́jọ́ Sátidé náà, pé ọkùnrin lòun. Mo ní rárá. Ìlú tó bá ní ètò lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó parí ètò rẹ̀ ká tó gbé ariwo ẹ́ńjìnì wọ̀ ọ́.

Ẹnì kejì tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá ọlọ́kadà kan tó máa ń jókòó sí oríta ní Aládé. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èèyàn lọ oko lójoojúmọ́ mọ ọ̀nà oko ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ló kúrú, ṣùgbọ́n igi méjì ni wọ́n tẹ́ ṣe afárá ibẹ̀, ọ̀kan sì ti jẹrà. Ọ̀nà òkè jìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, ilẹ̀ rẹ̀ le, àfi ojú kan tó ní ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àbùjá tó gba inú igbó ọba, igbó tí ìjọba dá sí, kọjá. Ó ní àwọn kan ń gbà á. Kò sọ pé kí n gbà á.

Àbùjá yẹn ló wu àbúrò mi. Mo bá tọ ẹ̀ṣọ́ igbó kan lọ, mo béèrè. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ gbé alùpùpù wọbẹ̀, ì báà ṣe kòkó ló fẹ́ gbé. Inú mi dùn pé mo béèrè. Nínú igbó ọba Àkúrẹ́ lápá Àpọ́nmú, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Queen's Plot, tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ láti ayé òyìnbó amúnisìn kí ẹnikẹ́ni má gé igi níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ń lọ síbẹ̀ lọ kọ́ bí igbó àtijọ́ ilẹ̀ wa ṣe rí, torí irú rẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Táyà alùpùpù kan lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ipa táyà ni àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé igi lóru máa ń tọ̀ wọlé. Mo sọ fún àbúrò mi pé ọ̀nà òkè la ó gbà, bó ti wù kó jìn tó.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè la tún alùpùpù ṣe. Mo wo bíréèkì, mo fi epo sí ṣéènì, mo wò ó bóyá sàlẹ́ńsà kò jò. Fọkanáísà fẹ́ fẹ́ táyà le bí òkúta. Mo ní kó dín atẹ́gùn rẹ̀ kù díẹ̀, nítorí táyà tó rọ̀ díẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ẹrẹ̀, kì í walẹ̀ bí ọkọ́. Kò gbọdọ̀ rọ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ túùbù á yí nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á já. A mú pọ́ọ̀ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ dání, torí tí àpò bá ti gun ẹ̀yìn, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ tún le.

Fífọ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Mo fọ gbogbo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara alùpùpù méjèèjì, mo fi igi họ abẹ́ mọ́dígáàdì, mo fọ sálúbàtà, mo fọ bàtà òjò wa. Ẹni tó bá ní oko kòkó yóò mọ ìdí rẹ̀. Àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi lásìkò òjò máa ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀, ẹrẹ̀ sì lè gbé e láti oko kan dé òmíràn. Mo ti rí i tí àrùn yìí jẹ ìdajì èso orí igi láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èmi kò ní fi táyà mi gbé e lọ fún aládùúgbò.

Aago mẹ́fà àárọ̀ Mọ́ńdè la kúrò ní Òkè Àró. Ìrìn títì kò nira, bíi kìlómítà 20 ni sí Ìdànrè. Ìkùukùu ṣì bo orí àpáta nígbà tí a yọ sí wọn. A yà sọ́dọ̀ àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, a sọ ọ̀nà tí a ń gbà àti ìgbà tí a rò pé a ó padà. Mo dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi títí dé oko. Àwọn kan máa ń ṣí i kúrò lórí tí wọ́n bá ti kúrò ní títì, bẹ́ẹ̀ inú oko ni gbòǹgbò àti òkúta wà.

Ẹrẹ̀ tí ọlọ́kadà sọ kò ju ìwọ̀n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi igi wọn ín. Kò dé orúnkún mi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì le. Ibi tí mo ti ń wọn ín lọ́wọ́ ni àbúrò mi ti gbọ̀nà ẹ̀bá kọjá. Ó fẹ́ yẹra fún ẹrẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wẹ̀yìn, ó ti gun orí ebè ẹ̀gẹ́ olóko, ebè mẹ́ta ti tú, ẹ̀gẹ́ tí kò tíì tó wú ti ṣí sí ìta.

Mo ní kó pa ẹ́ńjìnì. Ó ní ká máa lọ, pé kò sẹ́ni tó rí wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Mo gbé alùpùpù mi jókòó, mo sì pe olóko títí ẹnì kan fi dáhùn láti inú ahéré. Màmá àgbàlagbà kan ló jáde, ọkọ́ ń bẹ léjìká wọn. Mo kúnlẹ̀, àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, n kò bò ó.

Màmá wo ebè, wọ́n wo ojú mi. "Ṣé kì í ṣe ọmọ bàbá oníkòkó ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìwọ yìí?" Mo ní àwa ni, mà. Wọ́n mi orí. "Bàbá yín kì í gun alùpùpù kọjá ibí yìí lásìkò òjò. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tì í." Wọ́n tún dákẹ́. "Ọmọ onílẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́."

N kò mọ̀ pé bàbá wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ọ́ fún wa rí. Omi lé ròrò sójú mi, mo sì gba ọkọ́ lọ́wọ́ màmá. Èmi àti àbúrò mi la kọ ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, a sì rọ́ ilẹ̀ bo ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ fún wọn lówó. Wọn kò gbà á.

Lẹ́yìn náà la wá gba ẹrẹ̀ náà kọjá bó ṣe yẹ. Àárín gan-an la gbà. Ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ṣe ló ń fẹ ihò náà sí i. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á tún yẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ọdún tó parí ọ̀nà á ti jẹ oko olóko tán. Jíà kìíní ni mo lò, mo fún ẹ́ńjìnì níná díẹ̀, n kò sì fún un lójijì kí táyà má baà gbẹ́lẹ̀. Àbúrò mi kò gun tiẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tì í.

Odò kékeré kan ṣì wà níwájú. Àwọn obìnrin méjì ń pọnmi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, a sì dúró kí wọ́n pọn tiwọn tán, torí táyà ń da omi rú ni. A là á kọjá tààrà níbi tí ọ̀nà gbà, a kò tọ inú omi lọ sókè sódò. Àbúrò mi béèrè bóyá ká fọ ẹrẹ̀ ara alùpùpù níbẹ̀. Mo fi epo tó wà lára ṣéènì hàn án, mo sì fi korobá tí àwọn obìnrin yẹn gbé sórí hàn án. Ó yé e.

Nígbà tí a dé kám̀pù, a kí Bàbá Baálẹ̀, a sì gbé alùpùpù sí ẹ̀bá ilé, kì í ṣe sábẹ́ igi kòkó. Gbòǹgbò kékeré tí kòkó fi ń jẹun kì í wà nísàlẹ̀ jìnnà. Abẹ́ ewé gbígbẹ lókè ilẹ̀ níbẹ̀ ló pọ̀ sí. Bí táyà bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ilẹ̀ á le gbagidi, gbòǹgbò á já, igi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n léwé, ẹni tó ni ín á máa wá oògùn kiri.

A fi rọ́bà túùbù di àpò méjì àkọ́kọ́, a fẹ́ táyà ẹ̀yìn, a gbé wọn dé etí títì láìsí wàhálà. Lórí ìdagẹ̀rẹ̀, jíà kìíní ló ń dá alùpùpù dúró, mo kàn ń fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì ẹ̀yìn fẹ́rẹ́. Ẹni tó ń rà á wọn méjèèjì, ó sì kó o.

Nígbà tí a fi padà dé kám̀pù fún méjì tó kù, òjò dé. Òjò ọ̀wàrà gidi, bí ẹní da omi láti inú agbada. Kò ju wákàtí kan lọ tó fi dá, oòrùn ṣì wà. Àbúrò mi ti ń di àpò. Mo ní kó tú u. Ọ̀nà tó ṣí láàárọ̀ ti ti ara rẹ̀ pa. Bí a bá gbé kílò 64 gun ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi, a ó la á sí méjì, òjò tó ń bọ̀ á sì gba inú rẹ̀ ṣàn títí á fi di gọ́tà. A sùn sọ́dọ̀ Bàbá Baálẹ̀. Wọ́n fún wa ní iyán àti ọbẹ̀ ìgbín. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti dì díẹ̀, la tó jáde. Ẹni tó ń ra kòkó bínú pé a pẹ́, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Láti etí títì ni mo ti pe ọ̀gá ọlọ́kadà tí mo bi léèrè lákọ̀ọ́kọ́. Mo sọ bí ọ̀nà òkè ṣe rí báyìí, mo sọ ibi tí ẹ̀ka igi kan ti fẹ́ já bọ́, kó lè sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Mo pe Bàbá Baálẹ̀ náà nítorí ihò ẹrẹ̀ yẹn. Wọ́n ní àwọn yóò pe ọ̀wẹ̀ sí i ní Sátidé, kí ẹni tó bá lè wá wá.

Àwa méjèèjì lọ. Ẹ̀gbẹ́ àpáta la ti kó òkúta wẹ́wẹ́, a ń rù ú wá sínú ihò náà títí ó fi kún. Màmá elẹ́gẹ̀ẹ́ gbé ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà wá fún gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ bù fún.