Ẹ kọ àpèjúwe ilé yín sẹ́yìn ilẹ̀kùn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará àdúgbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi 615 sórí fóònù yín, nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. 112 wà fún gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kéèyàn kàn pè wọ́n kò tó. Ẹni tó máa gbé ìpè náà kò mọ "ẹ̀yìn ilé Ìyá Alákàrà" tí àwa mọ̀. Ẹ kọ àpèjúwe ilé yín sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: ìjọba ìbílẹ̀, bọ́sítọ́ọ̀bù, orúkọ títì, àwọ̀ géètì. Ìpayà kì í jẹ́ kéèyàn rántí nǹkan, àmọ́ ọmọ tó bá ti mọ̀wé kà lè kà á fún wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ takisí Micra lálẹ́ ní Ìwó Road tàbí Challenge n'Ìbàdàn, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bóyá ó ṣeé ṣí látinú. Bí kò bá ṣeé ṣí, ẹ jẹ́ kó máa lọ, òjò ì báà máa rọ̀. Ẹ má sì tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, pàápàá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Nọ́ńbà ọ̀gá fijilanté wa ńkọ́? Ẹ gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé lándílọ́ọ̀dù.