Ibi tí ewé tòmátì ti pọ́n ni kí a kọ́kọ́ wò
Ẹ̀yin ará, bí tòmátì bá ń yọ òdòdó tí ewé rẹ̀ sì ń pọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì da ajílẹ̀ sí i. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí àmì náà ti bẹ̀rẹ̀. Ewé ìsàlẹ̀ kan tàbí méjì tí ó pọ́n kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú ewé àgbà bá ń pọ́n káàkiri gbogbo ojú ewé, ó ṣeé ṣe kí nitrogen (èròjà tí ń mú ewé dàgbà) má tó, nítorí igi a máa fa èyí tí ó wà nínú wọn lọ fún ewé tuntun àti èso. Bí iṣan ewé àgbà bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ tí àlàfo àárín àwọn iṣan nìkan pọ́n, ẹ fura pé magnesium, èròjà mìíràn tí ewé nílò, ni kò tó. Bí ewé orí ló bá ní irú àmì yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èròjà irin ni kò tó, èyí tí ó sábà máa ń wà nínú ilẹ̀ tí gbòǹgbò kò kàn lè fà á, bóyá nítorí pé omi pọ̀ jù tàbí pé pH ilẹ̀ (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó) ga ju 7 lọ. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé wò fún kòkòrò pẹ̀lú. Ewé àgbà tí ó ti pọ́n kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ewé tuntun ni kí ẹ fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́.